Ṣé orúkọ baba ńlá wa lè wà nínú ìwé ìkànìyàn Èkó ayé 1881? (Oǹdó)

Ọmọ Odòsídà:

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ìwé àtijọ́ kó bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹbí wa fẹ́ kọ ìtàn ilé wa sílẹ̀ kí àwọn àgbà tó kù tó lọ tán, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù nínú wọn ti ń gbàgbé nǹkan, ohun tó bá sọ lónìí ó lè sọ òmíràn lọ́la. Ohun tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà ni pé ọmọdé ni baba ńlá wa nígbà tí ogun tú Oǹdó ká tí wọ́n lọ ń gbé Òkè-Ọ̀pá, ogun yẹn ni wọ́n ti kó o lẹ́rú, wọ́n tà á títí dé etí òkun, ọkọ̀ ogun òyìnbó tó ń lé àwọn olówò ẹrú kiri ló gbà á sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ Sàró (Sierra Leone), ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ó padà sí Èkó, lẹ́yìn náà ló bá Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips wá sí Òde Oǹdó lọ́dún 1877 (wọn ò tíì jẹ bíṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn). Orúkọ òyìnbó tí wọ́n fún un ní Sàró náà la ń jẹ́ títí dòní. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn kan nínú ẹbí ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà ni bàbá, kì í ṣe Oǹdó rárá, ọ̀rọ̀ yìí sì ti fẹ́ẹ̀ dìjà nípàdé ẹbí.

Mo wá rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé àwọn òyìnbó máa ń jókòó sílé, wọ́n á tẹ orúkọ baba baba wọn, ìwé ìkànìyàn 1881 á gbé e jáde, ọjọ́ orí ẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe, ibi tí wọ́n bí i sí, àti gbogbo ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé. Èkó ti wà lábẹ́ òyìnbó láti 1861, wọ́n sì ka èèyàn níbẹ̀. Ṣé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà fún Èkó? Ibo ni kí n lọ, Ìbàdàn ni àbí Lọ́ńdọ̀nù?

Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ wa ni Bíbélì ńlá kan tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti já. Lójú ewé tó ṣáájú Jẹ́nẹ́sísì, ẹnì kan fi tádàwà kọ orúkọ àwọn ọmọ síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, àkọ́bí 1883, ó kọ Lagos sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ìkejì 1886 Lagos, ìkẹta 1891 Ondo. Lókè pátápátá ni orúkọ bàbá fúnra wọn wà, Sierra Leone ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kò sí ọdún kankan.

Akọ̀wé Ìjọmù:

Ọmọ Odòsídà, ìbéèrè gidi lo bi yìí, ó sì dùn mọ́ mi pé ẹ fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Òótọ́ ni pé wọ́n ka èèyàn l'Ékòó. Wọ́n kà á ní 1866, wọ́n kà á ní 1868, wọ́n tún kà á ní 1871, láti ìgbà yẹn ló ti wá di ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, 1881, 1891, 1901. Ṣùgbọ́n iye ni ìjọba ń wá, ohun tó sì kù fún wa lónìí náà nìyẹn: ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ẹlẹ́sìn wo ló pọ̀, ta ló ń ṣe iṣẹ́ kín ni. Tí bàbá yín bá wà l'Ékòó ní 1881 wọ́n kà á mọ́ wọn, ó wà nínú iye yẹn, kò kàn sí bó o ṣe fẹ́ fọwọ́ tọ́ka sí i ni. Oǹdó gan-an ò tiẹ̀ sí lábẹ́ Kọ́lónì Èkó nígbà náà, kò sẹ́ni tó wá kà wá. 1911 ni wọ́n tó na ìkànìyàn dé Gúúsù Nàìjíríà, 1921 ló tó kan Nàìjíríà lápapọ̀. Má náwó ọkọ̀ lọ síbì kankan torí ìkànìyàn jàre.

Ìwé tó lórúkọ nínú ni kó o máa wá, ìyẹn réjísítà ṣọ́ọ̀ṣì. Ti ìrìbọmi, ìlà ni wọ́n fà sí i: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá àti ìyá, ibi tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe, àlùfáà tó ṣe é. Tí o bá rí ibi tí wọ́n ti kọ carpenter síwájú orúkọ tí ẹ ń jẹ́, ọkàn ẹ á balẹ̀ pé ẹ̀yin ni. Ti ìgbéyàwó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọ́n máa ń béèrè orúkọ bàbá ọkọ àti bàbá ìyàwó, nípa bẹ́ẹ̀ ìran kan sí i ti wọlé fún ẹ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti Ìbàdàn, ilé ìwé àtijọ́ ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ìwé CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, lọ́wọ́. O ò ní wọ àárín ṣẹ́ẹ̀fù fúnra ẹ o. Ìwé àtòjọ ni wàá kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wàá da nọ́ńbà fáìlì kọ, wọ́n á lọ gbé e wá fún ẹ, wàá kà á níbẹ̀. Mú lẹ́tà tó sọ ẹni tó o jẹ́ àti ohun tó ò ń wá dání, má sì retí pé gbogbo ẹ̀ á tán lọ́jọ́ kan.

Ará Manchester:

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ ṣeun, àmọ́ mi ò fẹ́ kí àbúrò wa gbàgbé ìwé ìjọba pátápátá. Ìdí tí orúkọ fi wà nínú ti ìlú ọba níbí ni pé olórí ilé kọ̀ọ̀kan ló ń kọ gbogbo ẹni tó sun ilé náà lóru ọjọ́ kan sínú fọ́ọ̀mù, òru ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ni ti 1881, akànìyàn á wá dà á kọ sínú ìwé ńlá, ìwé ńlá yẹn ni wọ́n tọ́jú, òun ló wà lórí wẹ́bùsáìtì FamilySearch lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Àní níbí náà kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló kù, iná jó ti 1931 run lọ́dún 1942, àti ti 1841, wọ́n dín ọjọ́ orí àgbàlagbà kù sí márùn-ún márùn-ún, ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì á di márùndínlógójì, torí náà ẹ má di ọjọ́ orí inú ìwé kankan mú gírígírí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa Èkó ni ìwé tí wọ́n ń pè ní Blue Book. Lọ́dọọdún ni gómìnà ń fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba wà nínú ẹ̀, ipò tí wọ́n wà àti owó oṣù wọn. Ilé ìwé àtijọ́ tó wà ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló wà, CO 151 ni nọ́ńbà ẹ̀. Tí bàbá káfíńtà yẹn bá fìgbà kan ṣiṣẹ́ ìjọba, ó tọ́ kéèyàn yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkejì ni ti Sàró. Gbogbo ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n gbé dé Freetown, wọ́n ń kọ wọ́n sínú réjísítà: nọ́ńbà, orúkọ, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí, bó ṣe ga tó, nígbà míì àpá tàbí ilà tó wà lójú ẹ̀. Wẹ́bùsáìtì African Origins ti kó àwọn tó lé ní 91,000 jọ níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ orúkọ ìbílẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ òyìnbó tí wọ́n fún wọn lẹ́yìn náà, bó sì ṣe dún létí akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá ló kọ ọ́, ẹ kà á sókè kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó jẹ́.

Ìyá Òkè-Àlùkò:

Ọmọ mi, Bíbélì yẹn ló jẹ́ kí n dá sí i. Jọ̀ọ́ tún un wò dáadáa. Síwájú orúkọ àwọn ọmọ, ìlú tí wọ́n bí oníkálukú sí ni ẹni tó kọ ọ́ kọ síbẹ̀, àbí? Kí ló wá máa mú un kọ nǹkan mìíràn síwájú orúkọ bàbá? Lójú tèmi, Sàró ni wọ́n bí bàbá yẹn sí. Wọn ò kó o lẹ́rú rí.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Oǹdó ti tú ṣáájú 1850, ìgbà tí Gómìnà Glover ti Èkó fẹ́ kí ọ̀nà Oǹdó là, ní nǹkan bíi 1872, ni wọ́n tó padà sílé láti Òkè-Ọ̀pá. Tó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ ogun yẹn ni wọ́n ti kó bàbá yín lọ, ó ti lé lógójì ọdún dáadáa kó tó bí àkọ́bí ní 1883. Ó lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ káfíńtà tó ń rówó, tó tún jẹ́ onígbàgbọ́, tí kò níyàwó títí di àsìkò yẹn, ó ṣòroó gbà. Tó bá jẹ́ pé bàbá ẹ̀ ni wọ́n kó lọ ńkọ́, tó gbé ìyàwó ní Sàró, tó bí i síbẹ̀ lẹ́yìn 1850? Gbogbo ẹ̀ jókòó. Ẹnu àwọn àgbà wa máa ń so bàbá àti ọmọ pọ̀ di ẹyọ ẹnì kan, pàápàá tí orúkọ tí àwọn méjèèjì ń jẹ́ bá jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ọmọ kejì, Èkó ni 1886. Kò lè bá Phillips wá ní 1877 kó tún máa bímọ s'Ékòó lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, àyàfi tó bá ń lọ tó ń bọ̀. Àárín 1886 sí 1891 ni kẹ́ ẹ ti máa wá bó ṣe dé Oǹdó.

Ní ti ìjà Oǹdó àti Ìjẹ̀ṣà, ẹ má jẹ́ kó tú ẹbí ká rárá. Lọ́dọ̀ tiwa l'Óǹdó èèyàn ń jẹ́ ọmọ ilé bàbá, ó sì ń jẹ́ ọmọ ilé ìyá, ọ̀nà méjèèjì la fi ń tọ ẹbí, a ń tibẹ̀ jogún, a sì ń tibẹ̀ joyè. Ẹ bèèrè irú oríkì tí wọ́n ń kì yín lápá kọ̀ọ̀kan, ẹ bèèrè èèwọ̀ yín, ẹ bèèrè ilà tó wà lójú àwọn àgbà ìgbà yẹn. Ilà Oǹdó, ọ̀kan gígùn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí, ọ̀kan gígùn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tọ̀hún, kò ṣeé ṣì mú. Tẹ́ ẹ bá sì rí bàbá àgbà yẹn, ìyẹn ẹni tó bí baba ńlá yín, nínú réjísítà Freetown tí ará Manchester ń wí, tí wọ́n bá kọ ilà rẹ̀ síbẹ̀, ìjà parí.

Ọmọ Odòsídà:

Màmá, ẹ ṣé gan-an, orí mi wú nígbà tí mo kà á. A ti wo Bíbélì yẹn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó ro Sierra Leone yẹn báyìí. Mo pe ìyá mi lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó bàbá, ìyẹn ìyá àwọn ọmọ inú Bíbélì, wọ́n máa ń kì í ní ọmọ Ọwá Obòkun, wọ́n sì máa ń fi ki àwọn ọmọ tó ti apá àkọ́bí wá títí di ìsinsìnyí. Ó jọ pé ibẹ̀ ni Ìjẹ̀ṣà ti wọlé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó ń jà lórí ẹ̀, màá fi èsì yín yìí ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp lálẹ́ yìí.

Ọmọ Ìsọ̀lọ̀:

Ẹ jọ̀ọ́, àwa tí bàbá wa kì í ṣe Sàró ńkọ́? Àkúrẹ́ ni wá, babaláwo ni baba ńlá wa, kò ṣèrìbọmi rí.

Akọ̀wé Ìjọmù:

Ọmọ Ìsọ̀lọ̀, ẹ lọ wo ìwádìí tí àwọn aṣojú ìjọba òyìnbó, àwọn ajẹ́lẹ̀ yẹn, kọ nípa ìlú kọ̀ọ̀kan láàárín 1930 sí 1940, àdúgbò àti ìtàn oyè wà nínú ẹ̀ dáadáa, àti ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀. Ẹni tó bá ń jà du ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ìran rẹ̀ lójú adájọ́, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣí ìjíròrò tìrẹ fún èyí tó kù ká má bàa da ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ti Ọmọ Odòsídà.

Ọmọ Odòsídà, mo fara mọ́ Màmá pátápátá. Má bẹ̀rẹ̀ láti Freetown. Orúkọ ìbílẹ̀ bàbá àgbà yẹn ò sí lọ́wọ́ ẹ, inú àwọn 91,000 yẹn lo máa sọnù sí. Ọmọ 1891 ni kó o kọ́kọ́ wá nínú réjísítà ìrìbọmi l'Óǹdó, kọ̀wé sí fíkà, sọ ọdún àti orúkọ fún wọn, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó o wò ó lójú wọn. Da gbogbo ìlà yẹn kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kódà tí wọ́n bá ṣi orúkọ kọ, má tún un ṣe. Ibẹ̀ lo ti máa rí orúkọ ìyá ọmọ. Orúkọ ìyá yẹn ni kó o gbé lọ sí Èkó láti fi wá ti 1886 àti 1883, kó o wá ti ibẹ̀ wá ìgbéyàwó wọn ṣáájú 1883, níbi tí wọ́n á ti kọ orúkọ bàbá ọkọ àti iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ yẹn lo máa wá gbé lọ sí Freetown, torí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ náà ń ṣe réjísítà ìrìbọmi, tó bá sì jẹ́ pé òun ni wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kọ orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn.

Tó o bá ti rí ti 1891, kọ ohun tó wà lórí ìlà náà síbí ká jọ kà á.