Ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí Ìbàdàn: ṣé dandan ni kí màámi gba ìtànṣán?

Abẹ́ní Tákíè: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Wọ́n yọ kókó jẹjẹrẹ lọ́mú màámi, wọn ò gé ọmú náà. Dókítà ní kí wọ́n lọ gba ìtànṣán (radiotherapy), iná ẹ̀rọ tó ń pa jẹjẹrẹ, nígbà 15 nílé ìwòsàn UCH. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ńbí! Ta ni yóò dúró ti igbá èlùbọ́ wọn? Àbúrò bàbá mi ń pariwo pé wọn ì bá ti gé e kúrò pátápátá. Wọ́n ti yọ kókó tán, kí la tún fẹ́ fi iná jó?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: O ò sọ ọjọ́ orí, o ò sọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, o ò sọ èsì àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé. Orí kí la fẹ́ dúró lé? Hóró jẹjẹrẹ tí ojú ò rí, tó lè ṣẹ́kù sínú ọmú, ni ìtànṣán ń pa. Bí wọn ò bá gba kẹ́mò, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, kó má kọjá ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Onítànṣán: 15 yẹn gan-an ti dín kù. 50 Gy (Gy la fi ń wọn ìtànṣán) nígbà 25 la ń lò tẹ́lẹ̀. 40 Gy nígbà 15 ló wọ́pọ̀ báyìí. Béèrè bóyá 26 Gy nígbà 5, ọ̀sẹ̀ kan péré, bá tiwọn mu. Wọ́n á gbé apá sẹ́yìn orí lábẹ́ ẹ̀rọ, nítorí náà kí wọ́n máa fi ìka gun ògiri láràárọ̀ kí èjìká lè ká sókè. Àmì yíǹkì tí wọ́n bá fi sára, kí kànrìnkàn má kàn án.

Bàbá Àjíkẹ́: Bí wọ́n bá ti lé ní 70, wọ́n lè fi í sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bàbá, ọjọ́ orí nìkan kọ́ o!

Abẹ́ní Tákíè: 73 ni wọ́n. Oṣù kejì rèé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kókó náà ò tó sẹ̀ǹtímítà 2, kò sí jẹjẹrẹ lábíyá, kò sí létí ibi tí wọ́n gé. Wọ́n ní họ́mọ̀nù ló ń bọ́ ọ.

Onítànṣán: Ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Nínú 100 irú wọn tó ń lo oògùn tó ń dènà họ́mọ̀nù fọ́dún 5, bíi 10 ni jẹjẹrẹ ń padà sí lọ́mú tàbí nítòsí rẹ̀ láàrin ọdún 10 láìgba ìtànṣán, bíi 2 bí wọ́n bá gbà á. Ẹ̀mí àwọn tí ò gbà á kì í kúrú ju tàwọn tó gbà á lọ. Ẹ lè bá dókítà jíròrò rẹ̀. Ṣé wọ́n ń lo oògùn náà déédéé?

Abẹ́ní Tákíè: Letrozole ni. Wọ́n ti dá a dúró láti ọ̀sẹ̀ 3. Oríkèé ń ro wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Háà, Abẹ́ní! Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ sọ rèé. Láìsí oògùn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n fi ìtànṣán sílẹ̀. Oògùn mìíràn wà tí dókítà lè fi rọ́pò rẹ̀: anastrozole, exemestane, tamoxifen.

Bàbá Àjíkẹ́: Mo gbà.

Abẹ́ní Tákíè: Àbúrò bàbá mi ló ní kí wọ́n máa mu àgbo dípò rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni kílíníìkì. Màá kó káàdì oògùn náà dání, àti ìgò àgbo.