Ẹ gbà mí o, kabúrétọ̀ fẹ́ sọ mí di wèrè

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, alùpùpù mi ti sú mi. Bí mo bá ń lọ jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, á máa sáré, á máa dẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò yí ọwọ́ padà. Bí mo bá fẹ́ ya ọkọ̀ kọjá tí mo fa tọ́ròtù, ọwọ́ tí a fi ń fún un níná, lójijì, á fẹ́ kú ná kó tó gbéra. Mẹkáníìkì tó gbowó mi ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe. Èmi tí mò ń fọ alùpùpù yìí ju aṣọ ara mi lọ! Síkúrúù kékeré ẹ̀gbẹ́ kabúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, ni mò ń yí kiri, kò mú nǹkan kan wá.

Ẹlẹ́rọ: Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń jó lórí ìdúró ni síkúrúù yẹn wà fún. Ìrìn jẹ́jẹ́, abẹ́rẹ́ inú kabúrétọ̀ tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ láti díwọ̀n epo ló ń darí rẹ̀. Eré àsápajúdé, jẹ́ẹ̀tì ńlá ni, ìyẹn ihò tí epo ń gbà kọjá. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sínú ẹ́ńjìnì. Àwọ̀ wo ló ní?

Bàbá Gíréèsì: Tèmi nígbà kan dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ló pọ̀ jù. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò ní sùúrù, síkúrúdíráfà lẹ mọ̀.

Olùbéèrè: Ó funfun báláú. Mo ṣebí ó mọ́ ni.

Ẹlẹ́rọ: Rárá o. Búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ là ń wá. Afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ nìyẹn. Ní ìwọ̀n, afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1 ni bẹntiróòlù fi ń jó tán. Bí ẹ bá ń wá agbára, á sún mọ́ 13.

Jẹ́ẹ̀tì Tuntun: Ẹ sọ kílíìpù tó di abẹ́rẹ́ mú kalẹ̀ ní ìlà kan. Abẹ́rẹ́ á gòkè, epo á pọ̀ sí i. Ó parí.

Wọlé-Wọ̀de: Kò tíì parí! Kó kọ́kọ́ wo rọ́bà tó wà láàárín kabúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnì. Bó bá ti sán, afẹ́fẹ́ á máa gbabẹ̀ wọlé.

Jẹ́ẹ̀tì Tuntun: Ẹ̀yin àti rọ́bà yín ṣá.

Bàbá Gíréèsì: Kó yọ pílọ́ọ̀gì wò.

Olùbéèrè: Rọ́bà ò ṣe nǹkan kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo yọ ilé fíítà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ dànù tí mo fi sálẹ́ńsà alárìwo sí i. Ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ yìí ṣá o, kó lè mí dáadáa ni.

Wọlé-Wọ̀de: Haa! Ó ti ń mí jù!

Ẹlẹ́rọ: Ẹ dá fíítà padà kí ẹ tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Yàtọ̀ sí pé eruku á jẹ ẹ́ńjìnì, bí ẹ bá ń sá eré báyìí, písítìnnì lè yọ́.

Olùbéèrè: Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ràn, ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá fi jẹ́ẹ̀tì tó tóbi sí i ńkọ́?

Ẹlẹ́rọ: Ẹ ka nọ́ńbà ara èyí tó wà níbẹ̀ fún wa ná.