Squid transparent mi ń pariwo "Forwarding loop detected", Access Denied ni gbogbo èèyàn ń rí

Wáyà_Dídì:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá. Rọ́tà Linux kan ló ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn kọ̀ǹpútà wa, 192.168.10.0/24, rọ́tà ni .1, Squid (proxy, ètò tó ń bá kọ̀ǹpútà lọ mú wẹ́ẹ̀bù wá, tó sì ń tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀) wà lórí sáfà míì, .5, nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Mi ò fẹ́ máa lọ tẹ proxy sínú bráúsà ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mo ṣe fẹ́ kó jẹ́ transparent. Tí mo bá fọwọ́ tẹ 3128 sínú Firefox ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ gbàrà tí mo bá fi eléyìí sórí rọ́tà:

`iptables -t nat -A PREROUTING -i eth1 -p tcp --dport 80 ! -s 192.168.10.5 -j DNAT --to-destination 192.168.10.5:3129`

wàhálà dé nìyẹn. Mo fi MASQUERADE (tó ń fi IP rọ́tà rọ́pò IP ẹni tó ń pè) tì í kí èsì lè gba ọ̀dọ̀ rọ́tà padà. Nínú squid.conf, `http_port 3128` àti `http_port 3129 intercept` ló wà níbẹ̀. Nǹkan míì tó tún ń yà mí lẹ́nu, nínú access.log, 192.168.10.1 nìkan ló ń jáde bíi pé rọ́tà ló ń wo gbogbo wẹ́ẹ̀bù. Kí ló ń yípo gan-an? Mo ṣáà ti yọ Squid kúrò nínú òfin yẹn.

Àgbà_Sáfà:
DNAT orí rọ́tà yẹn ló ń dà ẹ́ láàmú. Àdírẹ́ẹ̀sì ibi tí kọ̀ǹpútà ń lọ wà lára packet, DNAT ti pa á rẹ́, ó ti kọ 192.168.10.5 rọ́pò ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ Squid. Rọ́tà ṣì ní àkọsílẹ̀ ẹ̀ nínú conntrack (ibi tó ń kọ gbogbo ìsopọ̀ tó ń gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ sí) lóòótọ́, àmọ́ Squid ò lè lọ wo inú ẹ̀rọ míì, kernel (ọkàn Linux) tiẹ̀ ló máa bi, kernel á ní "ọ̀dọ̀ ẹ náà ni wọ́n ń bọ̀ o". Ni Squid bá pe ara ẹ̀, ó rí orúkọ ara ẹ̀ nínú Via (ìlà tí proxy ń kọ orúkọ ẹ̀ sí nínú ìbéèrè), ló bá figbe ta. Ìpè yẹn ò sì kúrò nínú sáfà rárá débi tí rọ́tà á rí i, ìdí nìyẹn tí `! -s` ẹ ò fi ràn ẹ́ lọ́wọ́. Ti 3128 yàtọ̀, bráúsà fúnra ẹ̀ ló ń fi odindi URL lé e lọ́wọ́.

Tutorial àtijọ́ ló ń kó èèyàn sí i. Squid ìgbà yẹn máa ń gba ohun tí Host (ìlà tó ń dárúkọ sáìtì nínú ìbéèrè) bá sọ gbọ́, bẹ́ẹ̀ èèyàn lè fi Host purọ́, àléébù ààbò CVE-2009-0801 nìyẹn, torí ẹ̀ láti Squid 3.2 ló ti ń fi Host wé ibi tí packet ń lọ gan-an. Orí ẹ̀rọ tí Squid wà ni NAT ti gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Yọ DNAT àti MASQUERADE tó o fi tì í yẹn, kí rọ́tà kàn darí packet láì fọwọ́ kàn án:

`iptables -t mangle -A PREROUTING -i eth1 -p tcp --dport 80 ! -s 192.168.10.5 -j MARK --set-mark 1`
`ip rule add fwmark 1 table 100`
`ip route add default via 192.168.10.5 table 100`

Lórí sáfà Squid wá fi:

`iptables -t nat -A PREROUTING -i eth0 -p tcp --dport 80 -j REDIRECT --to-ports 3129`

Wáyà_Dídì:
Ọ̀gá, ẹ ṣeun gan-an, loop ti lọ. Àmọ́ ojú ìwé kàn ń yí ṣáá ni, kò ṣí. Nínú tcpdump (tó ń fi packet hàn), SYN (ìkíni àkọ́kọ́) lọ, SYN-ACK (ìdáhùn ẹ̀) padà dé, kọ̀ǹpútà wá fi ACK (pé òun ti gbọ́) àti GET (ìbéèrè ojú ìwé) ránṣẹ́, ó tún un fi ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Àgbà_Sáfà:
Ṣé o ní òfin tó ń ju packet INVALID (èyí tí conntrack ò mọ̀) nù nínú FORWARD (òfin fún ohun tó ń gba rọ́tà kọjá) rọ́tà? Mo fẹ́ ẹ̀ mọ̀ pé o ní i. Inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni Squid àti kọ̀ǹpútà wà, torí náà SYN-ACK kọjá tààrà sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, rọ́tà ò rí i. Nígbà tí ACK wá dé lójijì, rọ́tà ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, ó jù ú nù. O lè fi ACCEPT fún mark 1 ṣáájú òfin yẹn, àmọ́ èmi ò fẹ́ràn ẹ̀. Gbé Squid lọ sórí káàdì rọ́tà míì, bíi 192.168.20.0/24, kí àlọ àti àbọ̀ máa gba ọ̀dọ̀ rọ́tà, kó o sì yí IP tó wà nínú table 100 padà.

Port80_Dà:
Ẹ má bínú o, ẹ ti ń tún un ṣe, àmọ́ kí lẹ fẹ́ cache gan-an? HTTPS ni èyí tó pọ̀ jù nínú wẹ́ẹ̀bù báyìí, 443, port HTTPS, ò sì gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ má wá lọ darí 443 sí 3129 o, TLS (ìdè àṣírí HTTPS) ló máa bá níbẹ̀, Squid ò ní lóye ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ lo ssl-bump (kí Squid máa tú HTTPS wò), ẹ máa fi certificate yín sínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń sá fún náà nìyẹn.

Wáyà_Dídì:
Mo gbé e sórí káàdì míì, gbogbo ẹ̀ ti ń ṣí, IP kálukú sì ti ń hàn nínú log. Ọ̀gá Port80, package apt (ètò tí Debian fi ń gba sọ́fíwíà) ni mo fẹ́ cache jù, àwọn ẹ̀rọ Debian wa pọ̀. Ṣùgbọ́n TCP_MISS (kò sí nínú cache) ni mo ń rí lemọ́lemọ́.

Port80_Dà:
Tó bá jẹ́ apt, ó bọ́gbọ́n mu, HTTP lásán ni wọ́n ṣì ń lò níbẹ̀. Wo `maximum_object_size`, 4 MB ló máa ń wà tẹ́lẹ̀, package ńlá ò lè wọlé, gbé e ga, kó o sì kọ ọ́ ṣáájú cache_dir (fódà cache lórí díìsìkì). Ṣó o tiẹ̀ ti ṣí cache_dir? Tó ò bá ṣí i, inú RAM nìkan ló ń tọ́jú nǹkan sí, 256 MB péré. Wo cache.log náà, tó o bá rí "Host header forgery detected", DNS nìyẹn, àwọn kọ̀ǹpútà ń bi resolver (sáfà tó ń sọ IP sáìtì) kan, Squid ń bi òmíì, IP tí wọ́n gbà ò bára mu, Squid á jẹ́ kó kọjá àmọ́ kò ní tọ́jú ẹ̀. Jẹ́ kí DHCP (tó ń pín IP fún kọ̀ǹpútà) darí gbogbo wọn sí resolver tí Squid ń lò.