Iṣẹ́ wo ló ń kù ní ìgbèríko Iowa, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé òpó iná afẹ́fẹ́ (òpó ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí láti pèsè iná) dúró tán?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ju ìdajì iná tí Iowa ń pèsè lọ tó ń wá láti inú afẹ́fẹ́. Ta ló ń rí iṣẹ́ níbẹ̀ gan-an?

Èsì 1: Àwọn tó ń da kọnkéré àtàwọn tó ń wa kirénì kì í pẹ́ ṣí lọ. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ló ń dúró. Ilé ẹ̀kọ́ Iowa Lakes Community College ní ìlú Estherville ń kọ́ni níṣẹ́ náà. Òpó máa ń ga tó mítà 80. Ẹni tí òòyì bá ń kọ́ lórí àkàbà, kó má wulẹ̀ forúkọ sílẹ̀.

Èsì 2: Ẹ má gbàgbé bóòtù tí wọ́n fi de irin òpó àti ẹ̀rọ pọ̀, ọ̀gá mi. Tó bá dẹ̀, gbígbọ̀n ẹ̀rọ á mú un kán. Wọ́n á fún un le dé ìwọ̀n tí ìwé ẹ̀rọ sọ, wọ́n á wá fi máákà fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Tí ìlà bá ti yà, nọ́ọ̀tì ti yí nìyẹn.

Èsì 3: Àgbẹ̀ náà ń jẹ níbẹ̀: owó ilẹ̀ tí wọ́n gbé òpó sí ń wọlé lọ́dọọdún, àgbàdo àti sóyà sì wà yí òpó ká. Àmọ́ kí àdéhùn sọ ẹni tó máa tún páìpù tó ń fa omi kúrò lábẹ́ oko ṣe. Kirénì máa ń tẹ̀ ẹ́ fọ́, omi á sì dá sóko tí òjò bá dé.