Ìgbà tí mo fi àlọ́ ṣàlàyé ebu inú àgbàdo

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tèmi wáyé ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣàlàyé aflatoxin fún àwọn àgbẹ̀, ìyẹn májèlé tí ebu kan máa ń tú sínú àgbàdo àti ẹ̀pà, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbé àwòrán kalẹ̀, mo ń ka nọ́ńbà. Bàbá kan níwájú sùn lọ. Mò ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń hanrun.

Nígbà tí mo padà lọ, ọwọ́ lásán ni mo mú lọ. Ọ̀rọ̀ tọ̀lótọ̀ló ni mo fi bẹ̀rẹ̀: lọ́dún 1960, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọ̀lótọ̀ló tó lé ní 100,000 kú, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa wọ́n. Ìgbà tí wọ́n yẹ oúnjẹ wọn wò, ẹ̀pà láti Brazil tó ti bu ló wà níbẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà ké: "Ẹ̀pà kẹ̀? Ẹ̀pà tá à ń jẹ yìí?" Oorun dá lójú gbogbo wọn.

Ni mo bá ní, "Àlọ́ o!" Wọ́n ní, "Àlọ̀!" Ebu méjì ló wà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ní májèlé lápò, àbúrò ò ní. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé oko ló máa jókòó ti oúnjẹ. Ẹni tó bá pẹ́, kò ní ráyè. Bí Aflasafe, ohun táwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, ń lò láti dènà májèlé yìí, ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: wọ́n fi ebu aláìlóró tí wọ́n rí nílẹ̀ wa níbí ra ọkà bàbà lára, àgbẹ̀ á fọ́n ọn sóko, kílò 10 sí hẹ́kítà kan, ní bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí àgbàdo tó yọ òdòdó.

Bàbá oníhanrun ló já lu ọ̀rọ̀ mi: "Bí mo bá wá pẹ́ kí n tó fọ́n ọn ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ti jókòó nìyẹn!" Inú mi dùn débi pé mo palẹ̀ mọ́, mo lọ sílé, n ò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló yé e.

Kò pẹ́, ìyá ẹlẹ́pà pè mí lórí fóònù. "Ọmọ mi, àgbàdo mi bu díẹ̀, àmọ́ mo rò pé àbúrò ni. Ṣé mo lè fi ṣe ògì?" Ara mi bù máṣọ. Èmi ni mo sọ ebu di ọmọlúwàbí! Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dà á nù, mo padà sí abúlé, mo tún àlọ́ pa. Lọ́tẹ̀ yìí, ìbejì ni wọ́n, aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀, ojú lásán ò lè dá wọn mọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tó ka ọ̀rọ̀ mi dáhùn, ó sọ bí òun náà ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ tirẹ̀:

Tèmi ni ti àwọn tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS. Wọ́n lè bí ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n á ní, "Ọmọ àkọ́kọ́ ti jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù á yè." Wọ́n ti gbọ́ pé ọ̀kan nínú mẹ́rin ni, wọ́n wá ń kà á bí ẹni ka ọsàn. Mo ra ìlẹ̀kẹ̀. Funfun ni A, dúdú ni S. Ọkọ ní funfun kan, dúdú kan lápò. Ìyàwó náà bẹ́ẹ̀. Kálukú á dijú, á mú ọ̀kan fún ọmọ. Dúdú méjì ni SS. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dá a padà sápò kí ọmọ mìíràn tó dé. Ìyàwó kan di ìlẹ̀kẹ̀ mọ́wọ́, kò fẹ́ dá a padà. "Nọ́ọ̀sì, ṣé dúdú yìí ò ní tán nínú àpò ni?" Mo ní kò ní tán. Ó bú sẹ́kún.

Èmi: Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Kí ló wá lọ sọ nílé?

Nọ́ọ̀sì: Ìyá ọkọ rẹ̀ ló wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Wọ́n di ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin métí aṣọ, wọ́n ní kí n tún un ṣe kí àwọn fojú ara àwọn rí i.