Ìgbà Kérékou: ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ńbẹ̀, kí lojú yín rí?

Ọmọ Kétu:
Ẹ jẹ́ kí n ṣíwájú. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Kétu lọ́dún 1975 tí wọ́n yí orúkọ Dahomey padà sí Benin. Sọ́jà ni Kérékou tó di ààrẹ wa, October 1972 ló fìbọn gbàjọba lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú mẹ́ta tó ń gba ipò ààrẹ ṣe lọ́dún méjì méjì, ọ̀rọ̀ àwọn yẹn kúkú ti sú èèyàn. Kò dárúkọ Marx, bàbá ìsàlẹ̀ àwọn kọ́múníìsì, nígbà tó dé o. Ó di November 1974 kó tó lọ dúró ní Abomey, ó ní ọ̀nà Marx àti Lenin la máa tọ̀.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni ìkíni. Tí tíṣà bá wọlé á ní "Prêt pour la révolution!" (ẹ múra sílẹ̀ fún ìyípadà), àwa á pariwo "La lutte continue!" (ìjà ń tẹ̀ síwájú), gbogbo èèyàn sì di camarade, ìyẹn kọ́mréèdì. Lọ́jọ́ kan mo délé, mo kí bàbá mi bẹ́ẹ̀ dípò kí n dọ̀bálẹ̀. Mo rò pé màá jẹgba. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n tó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé tí mo bá dé ìta kí n máa kí èèyàn bí wọ́n ṣe kọ́ mi, àmọ́ nínú ilé níbí ìdọ̀bálẹ̀ ni. Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó bà mí. Bàbá mi tí kì í bẹ̀rù ejò!

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣeun bọ̀dá. Tiwa ni ti rédíò. Ìjọba ní àwọn ń bá àjẹ́ jà, wọ́n ní àwọn àjẹ́ ló ń pa ọmọ, ẹ óò máa gbọ́ ohùn àwọn ìyá arúgbó lórí Voix de la Révolution, rédíò ìjọba, tí wọ́n ń jẹ́wọ́, ohùn wọn á máa gbọ̀n. Màmá màmá mi á ní ìyẹn kì í ṣe ìjẹ́wọ́, ìyà ló ń sọ̀rọ̀. Obìnrin kan ládùúgbò tí màmá yìí kọ̀ láti tajà láwìn fún ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹyẹ ń bà sórí òrùlé wa. Láyé tó dáa èébú lásán nìyẹn, ẹ óò jà ẹ óò parí ẹ̀. Àmọ́ nígbà yẹn, tírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá fi dé etí àwọn ìgbìmọ̀ àdúgbò, ó parí. Òru ọjọ́ kẹta la gbé màmá náà sọdá sí Àgbádárìgì, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí.

Àgbà Cotonou:
Ẹ ò tíì sọ ti Captain Aïkpé, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, tí wọ́n yìnbọn pa ní June 1975, tí ìjọba ní wọ́n ká a mọ́ ìyàwó ààrẹ. Tí wọ́n bá lè pa ìyẹn, ta ni tíṣà? Nígbà tó wá di Sunday January 16, 1977, ìró ìbọn la gbọ́ láàárọ̀, àwọn sọ́jà àfowórà ti Bob Denard, òyìnbó Faransé kan, kó wá ti balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú, kó tó dọ̀sán wọ́n ti sá lọ, wọ́n tún gbàgbé ìwé iṣẹ́ wọn sílẹ̀ (ẹ ò rí òmùgọ̀). Látìgbà yẹn ẹni tí wọn ò bá ti fẹ́, wọ́n á ní ó mọ̀ nípa ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe tíṣà lọ síbi iṣẹ́, kò padà fún ọdún mẹ́ta gbáko. Nígbà tó dé, tí mọ́tò bá ti dúró níwájú ilé, á dìde, á lọ wọ bàtà.

Ọmọ Kétu:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àmúmọ́ra. Owó ló mú Kérékou nígbẹ̀yìn, báǹkì ìjọba dẹnu kọlẹ̀, òṣìṣẹ́ ò rówó oṣù gbà, December 1989 ó ní òun ò ṣe ti Marx mọ́, wọ́n ṣàpérò ní February 1990, Soglo tó bá a dupò ààrẹ fẹ̀yìn ẹ̀ gbálẹ̀ nínú ìbò 1991. Àmọ́ ẹ má bú mi o, nígbà tí Kérékou padà wá dupò ní 1996, nǹkan ti le lábẹ́ Soglo, èmi náà dìbò fún un. Bàbá mi bi mí pé ta ni mo dì í fún, mo sọ. Wọ́n kọ́kọ́ dìde lọ ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó bú mi.