Kọ́ọ̀tù Erédò ti parí o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Kọ́ọ̀tù tí mo ní mo fẹ́ fi ìrísí Erédò Súngbọ́ gé ti kúrò lórí máṣíìnì. Ohun tí mo bi yín nígbà yẹn ni bí pílíìtì ẹ̀yìn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ aṣọ po, ṣe máa jìn tí aṣọ òkè ò fi ní wú bí búrẹ́dì.

Ẹni tí kò bá tíì dé Òkè-Ẹ̀rí rí, iyàrà ni Erédò. Wọ́n gbẹ́ ẹ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ó gùn tó kìlómítà 160, ó sì jìn tó mítà 20 láwọn ibì kan. Amọ̀ pupa ni ògiri rẹ̀, ewéko tútù ló bò ó.

Ẹni tó ní kí n má fi aṣọ òkè ṣe inú pílíìtì rárá ló gbà mí. Aṣọ òkè aláwọ̀ amọ̀ wà lóde, àdìrẹ aláwọ̀ ewé ló wà nínú. Mo fi tépù so orí àdìrẹ náà mọ́ ọrùn kọ́ọ̀tù kó má baà wọ́ sílẹ̀, mo wá rán etí ìṣẹ́po rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ látòkè délẹ̀. Tí àǹtí tó ni ín bá dúró, amọ̀ nìkan lẹ máa rí; ẹ jẹ́ kó gbẹ́sẹ̀ báyìí, ewé á yọ!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n lẹ gọ́ọ̀mù sítéè, ìyẹn èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú aṣọ kó lè le, mọ́ gbogbo ara rẹ̀, ẹ má bínú, etí nìkan ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣé páálí ni mo fẹ́ wọ̀ fún un ni?

Ó ti gbé e lọ, ó sì ti san owó tó kù. Mo dúpẹ́ gan-an.